Ohùn Tó Sùn Nínú Aṣọ Pupa

"Wọ́n ní ó lọ sí Bùnú lọ ra…"

"Ta ló lọ?"

"Josiah. Josiah onígìtá tó ní sítúdíò lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Wọ́n ní ó lọ ra… ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Testimony, o ti bẹ̀rẹ̀ ná. Sọ ọ́ tán jàre."

"Aṣọ ìpò ni o. Wọ́n ní ó sọ ọ́ níbẹ̀ pé ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn, Hezekiah tó máa ń kọrin… pé inú aṣọ yẹn ni kó…"

"Kó kí ni?"

"Kó sùn sí."

Gloria tó ń dirun dá ọwọ́ dúró. Òwú dúdú ṣì wà láàárín eyín rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn! Ohùn ẹni tó ṣì wà láàyè?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Ayewa, ní Bùnú níbẹ̀, ló ń ti oko bọ̀, ó ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé ilé tó ti lọ gba aṣọ náà. Ó ní òun ò tiẹ̀ dúró gbọ́ ìyókù. Ta ló máa dúró gbọ́ irú ìyẹn?"

"Àṣé nǹkan tó ṣe ohùn Hezekiah nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà ti wá rí i báyìí."

Aṣọ pupa ni ìpò. Ó nípọn, ó sì wúwo bí awọ màlúù. Àwọn ará Bùnú ló ni ín. Tí olóyè ńlá bá kú, wọ́n á nà án bo iwájú ilé rẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ẹni tó lọ kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ. Ẹnikẹ́ni kì í gbé e sún mọ́ ẹni tó ṣì ń mí.

Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n ti gbé Testimony wá sílé ọkọ ní Kàbbà, kò sì tí ì mọ gbogbo èèyàn. Kò mọ̀ pé obìnrin tí Gloria ń dirun fún, tó tẹrí ba láti àárọ̀ tí kò sọ nǹkan kan, Tabitha ni, àbúrò Hezekiah. Tabitha dìde. Apá kan orí rẹ̀ ti di dídì, apá kejì ta sókè gàgà. Ó ju ìborí lé e, ó jáde sínú oòrùn. Gloria pè é títí, kò wẹ̀yìn.

*

Àwọn àgbà tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì wà, wọ́n á sì sọ ọ́ fún ẹni tó bá fara balẹ̀.

Nígbà tí Josiah àti Hezekiah wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Àpáta Iná. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, irú èyí tí gìtá á máa ké bí ẹni tí wọ́n fi irin gbígbóná kàn lára. Àwọn ìyá ìjọ ní orin wèrè ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń ṣeré ní pápá ilé ìwé, àwọn ìyá yẹn náà á fara pamọ́ sẹ́yìn ọgbà, wọ́n á máa gbọ́. Josiah á fi gìtá gun òkè lọ, ohùn Hezekiah á lọ bá a níbẹ̀, á tún kọjá rẹ̀. Ẹ ò ní mọ èwo ni okùn gìtá, èwo ni ọ̀fun èèyàn.

Ọkùnrin kan wá láti Àbújá, ó gbọ́ wọn, ó sì mú ẹnì kan lọ. Ó ní akọrin pọ̀ nílẹ̀, onígìtá ni òun ń wá. Bí Josiah ṣe lọ nìyẹn. Ní Àbújá, ó ta gìtá lẹ́yìn àwọn olórin ńláńlá títí ó fi gbé gìtá kalẹ̀, tó lọ jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Ó di pròdúsà. Òun ló ń sọ fún akọrin pé tún un kọ, òun ló ń da ohùn àti ohun èlò pọ̀ mọ́ra bí ẹni ń se ọbẹ̀. Orin tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi mọ̀ pé tirẹ̀ ni.

Hezekiah dúró sílé. Ó di tíṣà. Ó ń kọrin níbi ìsìnkú, wọ́n á bu ìrẹsì fún un nínú ike, wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ ṣé o."

Nígbà tí Josiah padà wálé tó kọ́ sítúdíò, tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń ti Mopa àti Ìsánlú wá bá a, Hezekiah ló kọ́kọ́ pè.

"Gbogbo orin wa àtijọ́, Heze. Jẹ́ ká gbà wọ́n sílẹ̀ kó tó bàjẹ́."

"Kí ló fẹ́ bàjẹ́?"

"Àwa náà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn ni Hezekiah fi kọrin nínú yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù dúdú bo ògiri rẹ̀, kí ohùn má baà máa ta padà. Tó bá jáde, òógùn á ti bò ó bí ẹni tó ti abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì bọ́ síta. "Josiah, kí ló wà nínú ògiri yìí? Ooru rẹ̀ ń mí sí mi lọ́rùn." Josiah á dá a lóhùn pé, "Ohùn tó dáa ò fẹ́ òtútù."

Ọjọ́ tó kọ orin tó kẹ́yìn tán, ohùn rẹ̀ há. Ó rò pé àárẹ̀ ni. Ó lá oyin, ó jẹ orógbó, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi iná wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan tí òun lè dárúkọ. Ohùn náà ò padà. Bí ẹni ń fa ewé gbígbẹ nílẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

Josiah ò sì gbé orin náà jáde. Ìgbàkígbà tí Hezekiah bá béèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Kò tí ì jinná."

*

Ọ̀sán gangan ni Hezekiah lọ síbẹ̀, lẹ́yìn tí Tabitha ti sọ fún un. Ọyẹ́ bo òkè mọ́lẹ̀. Kò síná nílùú, jẹnẹrétọ̀ sítúdíò nìkan ló ń kùn. Ó gba ẹ̀yìn lọ, lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì gbọ́ ohùn kan látinú ògiri.

Ohùn ara rẹ̀ ni.

Ó ń lọ sókè, síbi tí gìtá ò lè bá a dé mọ́. Ó mọ́ kedere, ó kún, kò sí ìpalára kankan lára rẹ̀. Hezekiah gbé ọwọ́ lé ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀fun náà ò mì. Ó la ẹnu láti bá ohùn náà kọ ọ́, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Josiah rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra níbẹ̀. "Heze! Okun o! Wọlé. O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ìwọ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi! Ìwọ gan-an nìyẹn!"

"Èmi kọ́," ni Hezekiah wí pẹ̀lú ohùn tó há. "Èmi rèé."

Josiah wò ó, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Fóònù rẹ̀ dún, ó bọ́ síta lọ dáhùn.

Hezekiah wọ inú yàrá kékeré náà. Ó ti ìka bọ igun ibi tí fóòmù ti ṣí díẹ̀ lára ògiri, ó fà á. Pupa ló kọ́kọ́ rí, ó pupa bí inú ẹnu. Ó fọwọ́ kàn án. Òwú àtayébáyé, ó nípọn, ó ń rùn bí inú àpótí tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ó fa fóòmù òdìkejì. Pupa. Ó fa ti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ òkú yí gbogbo ibi tó ti ń kọrin ká, wọ́n sì fi fóòmù bò ó kó má baà mọ̀.

Ó rọra tẹ fóòmù náà padà. Nígbà tí Josiah wọlé, ó ti jókòó síta, ó ń fi ìka fa ilà sínú eruku.

*

Oko iṣu ni wọ́n ti ń bá Bàbá Moses, oníṣègùn kan, ní Iffe. Kì í gba àlejò nílé. Tí o bá fẹ́ rí i, wàá rìn láàárín ebè títí wàá fi dé abà kan, wàá dúró, á sì jẹ́ kí o dúró pẹ́. Ọjọ́ tí Hezekiah lọ, àwọn ẹyẹ ń ké nígbà tó wọ oko. Bó ṣe jókòó sí abà, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá náà gbójú sókè wo igi, ó tún wo Hezekiah.

"Ìwọ ni wọ́n dákẹ́ fún," ló wí. "Sọ ọ́."

Hezekiah sọ ọ́ tán.

"Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin náà?"

"Wọ́n gbọ́ ọ, Bàbá."

"Mo ní ṣé ìwọ gbọ́ ọ."

"Mo fi ojú mi rí aṣọ náà. Mo fi ọwọ́ mi kàn án."

Bàbá Moses tu itọ́. "Kí lo ní tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí?"

Hezekiah yọ okùn gìtá kan tó ká róbótó látinú àpò. Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni. Ó já mọ́ Josiah lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣeré tó kẹ́yìn ní pápá, Hezekiah sì ṣà á nílẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀, nítorí ó rò nígbà náà pé kò sí ohun tí òun fẹ́ràn tó eré yẹn láyé. Okùn náà ti dípẹtà díẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kí n gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọwọ́ ni?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Etí ló fi ń jẹun báyìí."

"O mọ̀ ọ́n dáadáa," ni bàbá náà wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ó se okùn náà pẹ̀lú àwọn ewé tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ bò kí Hezekiah má baà rí. Omi náà dúdú, kò hó, ṣùgbọ́n ó ń dún. Ó yọ ọ́, ó ta á ní kókó. Bó bá ta kókó kan, á pe Josiah sí i, á sì gbé e sí etí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì. Ojú rẹ̀ yí padà níbi kókó tó kẹ́yìn. Kò sọ ohun tó gbọ́.

"Sin ín síbi tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó wọ ibi iṣẹ́. Tí etí rẹ̀ bá ti lọ tán, gbé aṣọ náà padà sí ilé tó ti jáde. Kí wọ́n tú u ní òwú. Ohùn rẹ á tẹ̀ lé ọ wálé."

"Tí ọkàn mi bá yí padà ńkọ́?"

"Ohun tí mo bá sin, mi ò hú u rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń hú u. Ro ó dáadáa."

"Mo ti rò ó, Bàbá."

Nígbà tó rìn jìnnà díẹ̀, àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké padà lẹ́yìn rẹ̀.

*

Àwọn ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ mọ̀. Orí àtẹ̀gùn sítúdíò ni wọ́n máa ń sùn sí lọ́sàn-án nítorí pé ó tutù. Wọ́n kúrò níbẹ̀. Àwọn èèrà tó ń tò kọjá á dé ibẹ̀, wọ́n á pín sí méjì, wọ́n á yí i ká. Lucy, ìyàwó Josiah, tó ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, fi ìgbálẹ̀ gbá wọn, wọ́n tún padà, wọ́n tún yí i ká.

Josiah ò fiyè sí i. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fẹ́rànmí wá gba orin sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, Josiah gbé gìtá láti fi ohùn lé e lọ́wọ́. Ó tún okùn rẹ̀ ṣe, ó ta á. Fẹ́rànmí dojú kọlẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Ẹ má bínú, sà. Okùn ìsàlẹ̀ yẹn… kò bá àwọn yòókù mu."

"Ó bá a mu, ọmọ yìí. Etí ẹ ló ń dún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ṣùgbọ́n ó tún un ta, òun nìkan, lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ. Ó rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé e sún mọ́ etí. Dípò ohùn okùn, nǹkan mìíràn ló gbọ́, ohun kan tó ń kùn láti ọ̀nà jíjìn, bí wáyà iná tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí òkè, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ẹyẹ lọ. Lẹ́yìn ẹyẹ, ohùn àwọn ọmọdé. Àwọn ohùn tó ga ló ń kọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé omi kan ń kún bò wọ́n láti òkè wá sílẹ̀. Ìkùn náà nìkan ló ń pọ̀ sí i.

"Ẹnì kan ló ń ṣe ọ́," ni Lucy wí.

"Tí mo bá ní ọ̀tá, Lucy, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Àwọn ọ̀tá kì í wá kí èèyàn."

"Má lọ ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe nítorí tèmi. Mo bẹ̀ ọ́. Jẹ́ n kàn parí orin Heze ná. Ìyókù ò dùn mí."

Lucy ní òun ti gbọ́. Ó wọṣọ, ó ní òun ń lọ síbi òkú kan ní Ìsánlú.

*

Makutu ló lọ. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mama Rhoda. Ó jókòó sójú ilé, ó ń pa ẹ̀gúsí, bí ìyá àgbà èyíkéyìí. Kò jẹ́ kí Lucy kí òun tán.

"Etí ni. Wọ́n ti gbà á. Mi ò lè dá a padà, má sunkún fún mi níbí."

"Mama, kí lẹ wá lè ṣe?"

"Mo lè rán nǹkan gba ojú ọ̀nà tó gbà wá. Ẹnu ni wọ́n fi rán an. Ẹnu tó rán an ni yóò gbà á."

"Ta ni, Mama?"

Ìyá náà dá ẹ̀gúsí dúró. "Ṣé o fẹ́ kí n ṣe é ni, àbí o fẹ́ mọ orúkọ? Ẹni tó bá mọ orúkọ máa ń káàánú. Tí o bá káàánú, kò ní jẹ́."

Lucy ronú nípa ọkọ rẹ̀, bó ṣe ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé jẹnẹrétọ̀ láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. "Ẹ ṣe é," ló wí.

Mama Rhoda fún un ní ìkarahun ìgbín kan, ó ní kó sọ ohun tó ṣe ọkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Lucy sọ ọ́. Ìyá náà fi òrí dí ẹnu rẹ̀ kíá, bí ẹni tó bo kòkòrò mọ́lẹ̀. Nǹkan kan yí nínú ìkarahun náà lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

"Ọjọ́ tí ọkọ rẹ bá pè ọ́ tí kò gbọ́ ìdáhùn rẹ, tẹ̀ ẹ́ fọ́. Má tẹ̀ ẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Má sì jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá."

*

Josiah ránṣẹ́ sí Hezekiah. Hezekiah fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ. Aṣọ náà wà lára ògiri níbẹ̀, yóò sì gbà á lọ́jọ́ kan.

"Jókòó!" Josiah ń pariwo bí àwọn tí etí wọn ti ń lọ ṣe máa ń pariwo. Ó ti rù. "Heze, wọ́n ti sọ fún ọ? Mi ò gbọ́ròó mọ́. Ohùn tó wúwo nìkan ló kù, ìyẹn náà ń lọ. Orin rẹ ló ku díẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti dá a parí, mi ò mọ̀ bóyá ohùn rẹ borí gìtá tàbí gìtá borí rẹ̀. Mi ò fọkàn tán etí ẹlòmíràn. Ìwọ bá mi gbọ́ ọ."

"Èmi?"

Josiah wo ètè rẹ̀. "Ìwọ ni. Etí wa kan náà ni láti kékeré."

Ó tan orin náà. Ó na ọwọ́ kan sórí sípíkà kó lè mọ bó ṣe ń lù, ó sì gbé ojú lé Hezekiah. Ojú náà ò kúrò. Tí Hezekiah bá fa ojú ro, Josiah á dín gìtá kù. Tó bá mi orí, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lọ láti orin kan sí èkejì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní pápá láyé ọjọ́sí, tí ẹnì kan ò ní sọ̀rọ̀ tí ẹnì kejì á ti mọ̀.

Hezekiah gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ti ṣe. Ó gbọ́ bó ṣe fi gìtá ara rẹ̀ sẹ́yìn, sísàlẹ̀, nínú gbogbo orin náà, kí ohùn kan ṣoṣo lè dúró níwájú. Ẹni tó ń jí nǹkan èèyàn kì í ṣe é báyìí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Orin tó kẹ́yìn parí. Josiah rí omi náà.

"Ó dùn?"

Hezekiah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ti jinná nìyẹn!" Josiah dìde, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. "Ó ti jinná! Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fẹ́ sọ fún ọ látọjọ́ yìí, Heze. Má sọ nǹkan kan. Jẹ́ n pe Lucy kí òun náà gbọ́ ọ. Lucy!"

"Mò ń bọ̀!" ni Lucy dáhùn láti ìta.

"Lucy!"

"Mo ní mò ń bọ̀, Bàbá!"

"Lucy! Àbí kò sí níbẹ̀ ni?"

Ìta dákẹ́.

Hezekiah dìde. Ó di Josiah lápá mú, ó yí i síra kó lè rí ètè òun. Yóò sọ ọ́ báyìí. Yóò ní, Josiah, èmi ni. Lábẹ́ àtẹ̀gùn rẹ ni mo sin ín sí. Ó la ẹnu.

Nǹkan kan fọ́ níta, ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìkarahun lábẹ́ gìgísẹ̀.

Bí òwú tútù kan ló ṣe kọjá lára ọ̀fun rẹ̀. Ohùn gbígbẹ tó kù fún un, tó ń tijú rẹ̀, tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ìyẹn náà kúrò. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sí ohun tó ti ibẹ̀ jáde, kódà afẹ́fẹ́.

"Kí lo fẹ́ sọ?" Josiah ń wo ètè rẹ̀. "Heze? Mi ò rí i kà. Dúró, jẹ́ n lọ wo obìnrin yìí, mò ń bọ̀."

Ó jáde. Ó tẹ àtẹ̀gùn náà kọjá.

Nínú gbogbo ẹ̀rù náà, ọ̀rọ̀ Bàbá Moses kan ṣoṣo ni Hezekiah rántí: gbé aṣọ náà padà, ohùn rẹ á tẹ̀ lé ọ wálé. Ó fa fóòmù ya, ó já aṣọ pupa náà kúrò lára ògiri, ó ká a mọ́ àyà, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ó rí Josiah lókèèrè, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lucy. Ó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, Lucy ń dáhùn, ó sì ń mi orí pé òun ò gbọ́.

*

Ọ̀kadà ló gbé e dé Ayewa. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé ilé tí wọ́n nawọ́ sí nígbà tó fi aṣọ náà hàn wọ́n. Cecilia ni orúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló hun aṣọ náà. Hezekiah dọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ ní okun o. Ètè rẹ̀ nìkan ló mì. Ó gbé ẹrù náà sí ẹsẹ̀ ìyá.

Ìyá náà tú u, ó gbé etí aṣọ sí imú. "Aṣọ bàbá mi. Kí ló gbé e padà dé?" Ó wo àlejò náà fínnífínní. "Ìwọ ni Hezekiah?"

Ó mi orí pé òun ni.

"Àwọn orin náà ti jinná nìyẹn? Ó ṣèlérí pé òun á mú un wá kí n gbọ́. Òun dà?"

Hezekiah kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un: tú u. Ó di òwú kan mú, ó ń fà á. Tú u, ẹ bá mi tú u.

Ìyá náà gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ padà sáàyè rẹ̀. "Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kiri ní Kàbbà. Obìnrin kan kọjá lẹ́yìn fèrèsé yìí lọ́jọ́ náà, kò dúró. Èmi wà níbi tí mo jókòó sí yìí, iwájú mi ló sì ti sọ ọ́. Kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná, kí o tó ní kí n tú iṣẹ́ bàbá mi. Mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ kúrò. Mo bi í léèrè pé ta ló kú.

"Ó ní, 'Ìyá, ẹnikẹ́ni ò kú. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ohùn rẹ̀ ló gbé mi jáde láyé, èmi ni wọ́n sì wá mú lọ. Ìrẹsì inú ike ni wọ́n ń bù fún un níbi ìsìnkú. Tó bá kú, ìlú yìí ò ní na aṣọ kankan bo ilé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣe é fún un nígbà tó ṣì wà. Ohùn tó tóbi tó yẹn, inú aṣọ yìí ni kó sùn sí bíi ti ọba, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa máa wá jí i.' Mo ní kó má jẹ́ kí o rí i, kí ẹ̀rù má baà bà ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. Ọjọ́ tí orin náà bá jinná, èmi fúnra mi ni mo máa pè é jókòó, tí màá sọ ọ́ sí i létí.'"